Owó ibodè lórí èéfín: kí ló kan ẹni tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù l'Ékòó?

Ẹ wo ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke káàkiri àdúgbò yín, tó ń pariwo pé òun ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Agolo bíà àti ìkòkò tó ń jò tó bá rà, ilé iṣẹ́ kan lè yọ́ ọ, kí wọ́n sọ ọ́ di álúmíníọ̀mù tuntun, kí wọ́n sì dì í sínú kọntéènà lọ sókè òkun. Ibẹ̀ ni òfin kan tí wọ́n ṣe ní Brussels ti lè kàn án, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

CBAM ni wọ́n ń pe òfin náà. Ohun tó ń sọ kò le: tí ọjà bá fẹ́ wọ Yúróòpù, wọ́n máa gba owó èéfín tó jáde nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Láti 2005 ni wọ́n ti ń gba irú owó yìí lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tiwọn. Wọ́n ní tí àwọn ò bá gbà á lọ́wọ́ àlejò náà, ilé iṣẹ́ á kó ẹrù wọn lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní bi wọ́n léèrè. India àti China ò gbà, wọ́n ní ọgbọ́n láti ti ilẹ̀kùn ọjà ni. Lójú tèmi, òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Oṣù Kẹwàá 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, ìwé nìkan ni wọ́n ń gbà nígbà yẹn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026, owó ti wọ̀ ọ́. Irin, álúmíníọ̀mù, sìmẹ́ńtì, ajílẹ̀, iná mànàmáná àti háídírójìn ló kàn. Epo rọ̀bì ò sí níbẹ̀, kòkó náà ò sí. (Òfin tó ní kí wọ́n má pa igbó run ló ń lé kòkó kiri, ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.)

Ẹni tó ń kó ọjà wọlé lọ́hùn-ún ló máa sanwó, kì í ṣe ẹni tó tà á. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ọjà: á ní kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ pè. Ká ní tọ́ọ̀nù èéfín kan jẹ́ Yúrò 70, tí tọ́ọ̀nù ajílẹ̀ kan sì rú tọ́ọ̀nù èéfín méjì, Yúrò 140 nìyẹn. Wọn ò ní gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ ni á máa gòkè títí di 2034. Gáàsì la fi ń ṣe ajílẹ̀ yúríà ní Eleme àti Lẹ́kí, a sì ń tà á sókè òkun. Lóòótọ́, Brazil wà lára àwọn tó ń rà á, kì í ṣe Yúróòpù nìkan. Ṣùgbọ́n Ìlú Ọba ti ní tiwọn náà á bẹ̀rẹ̀ ní 2027.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí agolo wa. Òfin yẹn ò ka èéfín kankan sí agolo tí aráàlú ti lò tán lọ́rùn, epo tí wọ́n fi yọ́ ọ ni wọ́n ń kà. Agbára tí wọ́n fi ń yọ́ àlòkù ò ju nǹkan bíi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí wọ́n fi ń ṣe tuntun. Àǹfààní wa rèé! Àfi tí ilé iṣẹ́ ò bá ní ìwé tó fi iye epo tó jó hàn, tí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn sì yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà náà, iye tí àwọn fúnra wọn ti là kalẹ̀ ni wọ́n máa lò, pẹ̀lú èlé lórí rẹ̀. Àìsí ìwé lo san owó rẹ̀ yẹn, kì í ṣe èéfín.

Ìjọba ńkọ́? CBAM ní tí wọ́n bá ti gba owó èéfín lórí ọjà náà nílé, àwọn á yọ ọ́ kúrò. Ìyẹn ni pé owó tí Àbújá bá gbà, Brussels ò ní gbà á. Òfin ojú ọjọ́ tí Buhari buwọ́ lù ní 2021 sì ti ní kí wọ́n ṣètò owó orí èéfín. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ńtì, orí àpò tí èmi àti ẹ̀yin ń rà ni wọ́n máa lé e sí.

Ẹni tí irin, álúmíníọ̀mù, sìmẹ́ńtì àti ajílẹ̀ tó ń kó wọ Yúróòpù ò bá ju tọ́ọ̀nù 50 lọ lọ́dún ò ní san nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ra ìwé ńlá kan lónìí, kí ẹ máa kọ lítà dísẹ̀lì tẹ́ ẹ bá jó sínú rẹ̀.