Ọgbọ́n Àtọwọ́dá, Kátúùnù Ìpolówó àti Àdìrẹ Ìbàdàndùn

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n tó gbòde lóde òní ni èyí tí ẹ̀dá fi sínú kọ̀ǹpútà, tí à ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn AI. Ó ń kọ lẹ́tà, ó ń ya àwòrán, ó sì ń mú kí àwòrán rìn. Àwọn apolówó ọjà náà ti ń lò ó. Ní ìparí ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Coca-Cola fi ṣe ìpolówó Kérésìmesì, ọ̀pọ̀ ayàwòrán sì bẹnu àtẹ́ lù ú. Nílé wa níbí, Malik Afegbua fi ya àwọn àgbàlagbà tó wọ aṣọ oge, òkìkí àwọn àwòrán náà sì kàn káyé ní ọdún 2023.

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe lè lò ó láti ṣe kátúùnù ìpolówó ní ìlànà iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ wa, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá gan-an. Àdìrẹ Ìbàdàndùn ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Kí ni Ìbàdàndùn?

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Àwọn aládìrẹ a máa se láfún àti álọ́ọ̀mù pọ̀ bí ẹ̀kọ, wọn a sì fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọnà sára aṣọ funfun. Bí ó bá gbẹ, wọn a máa rì í sínú aró léraléra. Ibi tí ẹ̀kọ bò kò ní mu aró. Bí wọ́n bá ha ẹ̀kọ náà kúrò, ọnà yóò yọ. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a máa gé páànù tí wọ́n fi ń tẹ ọnà sáṣọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán ni àwọn obìnrin Ìbàdàn fi ń kọ tiwọn.

Nínú ọnà Ìbàdàndùn ni a ti ń rí òpó Gbọ̀ngán Mápó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, tí wọ́n sì to ṣíbí sáàrin àwọn òpó náà. Ẹni tó bá dúró ní Bẹẹrẹ tó gbójú sókè yóò rí gbọ̀ngán náà lórí òkè. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ aṣọ yìí fúnra rẹ̀ ìpolówó ni: ìlú ló ń polówó.

Bí kátúùnù ṣe ń rìn

Àwòrán kì í rìn. Ojú wa ló ń tàn wá jẹ. Àwòrán 24 ló ń kọjá níwájú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba fẹ́ ìpolówó ìṣẹ́jú àáyá 30 tí yóò máa fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ lórí WhatsApp, àwòrán 720 ni. Bí a bá lo àwòrán kan lẹ́ẹ̀mejì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ti ń ṣe, ó ṣì ku 360 tí a ó fọwọ́ yà.

Látijọ́, ọ̀gá ni ó máa ń ya àwọn àwòrán tó jẹ́ òpómúléró: ìyá bẹ̀rẹ̀, igbá dé orí, ìyá ń rìn lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n ń ya gbogbo èyí tó wà láàrin wọn. Iṣẹ́ àárín yìí gan-an ni ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá lè gbà ṣe. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ di iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀.

Ibi tí ìṣòro wà

Ẹ̀rọ kò mọ ohun tí a kò fi hàn án. Àwòrán tí a kọ ọ̀rọ̀ mọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Àkójọ kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2022, LAION-5B, ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tó tó bílíọ̀nù 5.85. Bí i bílíọ̀nù 2.3 nínú wọn ló jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ ara wọn, inú èyí ni wọ́n sì ti yan púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ Stable Diffusion.

Mo dán ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò. Mo ní kí ó ya obìnrin tó ró àdìrẹ Ìbàdàndùn ní Bẹ́yẹrúnkà. Aṣọ aláró ló yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí òpó Mápó, kò sí ṣíbí. Ilé olórùlé koríko ló fi sẹ́yìn obìnrin náà, bẹ́ẹ̀ páànù tó ti dípẹtà ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Ìbàdàn. Nígbà tí mo ní kí ó kọ orúkọ aṣọ náà, ibi tó wù ú ló fi àmì ohùn sí, nítorí pé ńṣe ló ń ya lẹ́tà bí ẹni ya àwòrán. Nígbà tí obìnrin náà sì ń rìn, ọnà ara aṣọ ń yí padà lójú mi.

Ọ̀nà àbáyọ

(i) Kí á fi ọwọ́ ya àwọn àwòrán òpómúléró.

(ii) Kí á fi bí i 20 sí 30 àwòrán ojúlówó àdìrẹ kọ́ ẹ̀rọ náà.

(iii) Kí á ya ọnà aṣọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí á wá tẹ́ ẹ lé ara ẹni tó ń rìn, kí ẹ̀rọ má baà máa tún un yà.

(iv) Kí á fi ọwọ́ ara wa tẹ ọ̀rọ̀ àti àmì ohùn sí i níkẹyìn.

(v) Kí á gba àṣẹ, kí á sì sanwó fún aládìrẹ tí a lo iṣẹ́ rẹ̀. Òfin Copyright ilẹ̀ wa ti ọdún 2022 dáàbò bo iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò láìgba àṣẹ.

Ìkádìí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ tí a ń kọ mọ́ àwòrán ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ta ni yóò kọ ọ́ bí kò ṣe àwa tí a ń kọ́ èdè náà? Àwọn ìyá tó mọ orúkọ ọnà àdìrẹ ń dàgbà. Bí wọ́n bá lọ tán láìsí àkọsílẹ̀, “aṣọ aláró ilẹ̀ Áfíríkà” ni ẹ̀rọ yóò máa pe gbogbo rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì ní kan ọmọ aládìrẹ kankan. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Mo rọ ẹgbẹ́ wa pé kí á yan ọjọ́ kan nínú ìsinmi tó ń bọ̀, kí á tọ àwọn ìyá wọ̀nyí lọ, kí á bi wọ́n ní orúkọ ọnà kọ̀ọ̀kan àti ìtumọ̀ rẹ̀, kí á sì kọ ọ́ sílẹ̀ tàmì-tàmì.