Abẹ Kan Kò Gbọ́dọ̀ Kan Ènìyàn Méjì

 

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan jáde tí a kò lè parí lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa obìnrin, onídìrí ní Ìkìrun, kọ ìwé pé òun fẹ́ yá owó. Ó ní òun ti kọ́ iṣẹ́ fífín irun òkè ojú, àti pé òun lè fi íǹkì bo àpá iná tàbí àpá iṣẹ́ abẹ mọ́ ènìyàn lára. Ẹ̀rọ rẹ̀ ló fẹ́ rà. Onígbọ̀wọ́ méjì ti fọwọ́ sí i, owó ìfipamọ́ rẹ̀ pé, kò sì jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè rí. Akápò ti fẹ́ máa ṣírò owó nígbà tí màmá wa kan láti Ìnísà nawọ́ sókè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: "Ọmọ mi, abẹ́rẹ́ mélòó lo fẹ́ rà mọ́ ẹ̀rọ náà?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọmọ wa dáhùn pé, "Ẹyọ kan ni, mà. Ó máa ń pẹ́ lọ́wọ́. Màá máa fi sípírítì nù ún." Ni ẹ̀rín bá dá. Màmá wá sọ fún wa pé ọmọ àwọn obìnrin ti ṣe irú fínfín bẹ́ẹ̀ rí ní ìlú mìíràn, ojú rẹ̀ sì wú tí kò lè là á fún odindi ọjọ́ mẹ́rin. Owó tí wọ́n ná láti wo ojú náà ju owó fínfín lọ fíìfíì.

Kò pẹ́ ni bàbá wa kan tó jẹ́ olóólà dìde. Wọ́n ní abẹ tí bàbá àwọn fi ṣiṣẹ́ ni àwọn náà ń lò títí dòní. "Ta ló ti ọwọ́ mi kú?" Báyìí ni ilé pín sí méjì. Ìgbìmọ̀ ní kí èmi Akọ̀wé lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa. Ohun tí mo rí nìyí.

IṢẸ́ YÌÍ TI PẸ́ NÍLẸ̀ WA

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni fífín ara ti dé. Kí rélùwéè tó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá ni olóólà ti ń kọ àbàjà, pélé àti gọ̀ǹbọ́. Àwọn obìnrin ń fín kóló sí apá àti ikùn. Olóólà á sín ara wẹ́wẹ́, á sì fi ohun dúdú ra á kó lè mú. Oníṣègùn náà ń sín gbẹ́rẹ́ kí oògùn lè wọ ara. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí irin kan òun, bùjé ló ń fi kun ara. Bùjé kì í wọ abẹ́ awọ, ọjọ́ díẹ̀ ló ń lò tó fi ń ṣí.

Ìyàtọ̀ àárín bùjé àti fínfín yìí ni ìdí ọ̀rọ̀. Ohun tó dúró lórí awọ, ọjọ́ á mú un lọ. Ohun tó bá wọ abẹ́ awọ ti pàdé ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbàlódé kò yí èyí padà. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gún awọ lọ, ó ń gún un bọ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì ń tẹ̀lé e, yálà a rí i tàbí a kò rí i.

Iṣẹ́ tó dára ni o. Ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ń fi í ran àwọn obìnrin tí wọ́n ti gé ọmú wọn nítorí jẹjẹrẹ lọ́wọ́. Wọ́n á fi íǹkì ya orí ọmú sí ojú àpá náà. Ẹni tí iná jó lójú lè rí ìtùnú níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, kì í ṣe pé a fẹ́ pa iṣẹ́ mọ́ ọmọ wa lọ́wọ́.

OHUN TÍ OJÚ KÒ RÍ

Àrùn tó yẹ kí á bẹ̀rù jù níbi iṣẹ́ abẹ ni jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní hepatitis B. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn ní Nàìjíríà, bí 8 ló ní in lára. Ẹ ka iye oníbàárà tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù yín láàárín oṣù kan, kí ẹ fi ṣe ìṣirò. Kòkòrò àrùn yìí lè wà láàyè lórí irin gbígbẹ fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ sára abẹ lọ́jọ́ ọjà òní lè kó àrùn ran ẹni tó wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Sípírítì tí a fi aṣọ nù sí i kò tó láti pa gbogbo rẹ̀.

Ibí ni ìdáhùn ìbéèrè bàbá wa wà. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: ta ló lè mọ̀? Ẹni tó kó jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ lè máa rìn, kó máa tajà, kí nǹkan kan má ṣe é fún 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á bàjẹ́ tàbí kí jẹjẹrẹ mú un. Lọ́jọ́ tí ikùn rẹ̀ bá wú, ta ni yóò rántí abẹ tó kàn án nígbà èwe? Wọn á ní ayé ló ṣe é. Olóólà ò ní gbọ́, àwọn ẹbí náà ò sì ní mọ̀.

Àrùn éèdì náà ń gba ojú abẹ wọlé. Bákan náà ni tẹ́tánọ́ọ̀sì, tó ń mú kí eyín di pọ̀, tó sì ń mú kí ara le gan-an. Kòkòrò tirẹ̀ lágídí débi pé omi híhó lásán kì í pa irúgbìn rẹ̀.

Íǹkì pàápàá ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ní ọdún 2012, wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ kan ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà, níbi tí ara ènìyàn 19 ti sú lẹ́yìn tí wọ́n fín ara. Nígbà tí wọ́n tọ pinpin rẹ̀, wọ́n bá kòkòrò nínú íǹkì tí ilé iṣẹ́ kan ti lú lómi kó tó dé ọwọ́ ẹni tó lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń bomi kànga la íǹkì, ẹ gbọ́ o.

KÍ NI ÒFIN WÍ?

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fín ara ọmọdé tàbí kí ó kọ ilà fún un. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni ọmọdé lójú òfin náà. Ẹni tó bá rú u lè san owó ìtanràn tó tó ₦5,000, ó lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù kan, ó sì lè jẹ́ méjèèjì.

Ti àgbàlagbà ń kọ́? Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fi àkóso ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà wolé-wolé lẹ́tọ̀ọ́ láti wo ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1982 jẹ́ kí ìgbìmọ̀ ìlú lè ní kí onífínfín forúkọ ara rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 2003, wọ́n fi àwọn tó ń fín irun òkè ojú kún un. Láti 1969 ni wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má fín ara ẹni tí kò tó ọdún 18 níbẹ̀, àyàfi bí ó bá jẹ́ dókítà nítorí ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa. Wolé-wolé kan kò lè wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù láti Ìkìrun dé Òkukù. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú oníbàárà àti ojú ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ abẹ.

OHUN TÓ YẸ KÍ Á MÁA ṢE

Èyí kan onífínfín, olóólà, onígbàjámọ̀, ẹni tó ń lu etí àti ẹni tó ń gé èékánná.

1. Abẹ́rẹ́ àti bíléèdì tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí oníbàárà fojú ara rẹ̀ rí i bí ẹ ṣe ń tú u nínú ọ̀rá. Bí ẹ bá lò ó tán, ẹ jù ú sínú agolo líle tó ní ìdérí. Ẹ má dà á sórí ààtàn tí ọmọdé ti ń ṣeré.

2. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

3. Irin tí a kò lè jù nù, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lọ sínú ìkòkò tí ilé ìwòsàn fi ń se irin. Ooru rẹ̀ ń dé 121 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ḷ́síọ́ọ̀sì, irin á sì wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán.

4. Fún tábìlì àti àga, ife Jik kan sí ife omi mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó nù ún.

5. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ọdún 2004 ni wọ́n fi í kún ti ọmọ ìkókó ní Nàìjíríà, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà kò gbà á rí.

6. Ẹ bi oníbàárà bóyá ó ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí bóyá àpá rẹ̀ máa ń ga sókè. Bó bá ní in, ẹ ní kó kọ́kọ́ rí dókítà.

7. Bí abẹ ẹlòmíràn bá gé yín lọ́wọ́, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn tó ń dí éèdì lọ́nà wà, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72.

ÌPINNU ÌGBÌMỌ̀

A yá ọmọ wa lówó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì la pín in sí. Ti àkọ́kọ́ ni kó fi ra abẹ́rẹ́ alálòjùnù àti ìbọ̀wọ́, kó sì gba àjẹsára tirẹ̀. Nígbà tó bá fi ìwé rẹ̀ hàn, tí wolé-wolé sì ti wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yóò gba ti ẹ̀rọ. Ó kọ́kọ́ bínú pé a fẹ́ dá òun dúró. Nígbà tó yá, ó sọ fún mi pé òun ti fi iye abẹ́rẹ́ kún owó iṣẹ́ òun, àti pé àwọn tí òun ṣàlàyé fún kò janpata.

Ẹgbẹ́ yóò máa ra bíléèdì àti ìbọ̀wọ́ ní pálí, kí ọmọ ẹgbẹ́ lè rà á ní ẹ̀dínwó. Bàbá wa olóólà kò tíì gbà fún wa tán. Wọ́n ní abẹ bàbá àwọn kì í ṣe ohun tí à ń jù nù. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri, kí ó máa jẹ́ ìrántí, kí wọ́n sì máa fi bíléèdì tuntun ṣiṣẹ́ fún àgbà tó bá wá sín gbẹ́rẹ́. Wọ́n ní àwọn á rò ó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jáde, wọ́n bi Akápò ní iye tí pákẹ́ẹ̀tì kan jẹ́.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ má tijú láti béèrè. Bí wọn kò bá tú abẹ tuntun lójú yín, ẹ dìde kúrò lórí àga. A ó tún fojú rinjú ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́