Kí Ẹ Tó Dá Bíréènbọ́ọ̀sì Lẹ́bi

Nínú gbogbo ohun tí mẹkáníìkì lè sọ létí ẹni tó ni ọkọ̀, "Mọ́mì, bíréènbọ́ọ̀sì yín ti lọ" wà lára èyí tó ń já ni láyà jù. Bí táyà bá bẹ́, a ó rí i. Bí rédíétọ̀ bá ń jò, omi á wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àpótí pẹlẹbẹ yìí kì í jò, kì í dún, ojú lásán kò sì lè mọ èyí tó yè yàtọ̀ sí èyí tó kú. Ohun tí wọ́n bá sọ fún wa la ń gbà, owó ńlá la sì ń san lé e. Ó ń dùn mí, nítorí pé ohun tó ṣeé yẹ̀ wò ni. Mítà kékeré kan àti sùúrù tó láti fi mọ̀ bóyá òun ló ṣẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ń bá ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ́wọ́ wáyà, fíúsì tàbí sẹ́ńsọ̀.

Láyé Ìjàpá àti Pọ́jò 504, kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, dìsìtíríbútọ̀ ló sì ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì. Lọ́dún 1979, iléeṣẹ́ Bosch ti Jámánì kó iṣẹ́ méjèèjì lé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lọ́wọ́, èyí tí wọ́n pè ní Motronic, wọ́n sì fi sínú BMW 732i. Ọ̀nà yẹn ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù ń tọ̀ lónìí, irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ la sì ń pè ní bíréènbọ́ọ̀sì.

Ẹ mú Corolla 2005 sí 2008 tó kún títì wa, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jẹ́ 1ZZ-FE. Irin róbótó kan wà lára kíránkíṣáàfù rẹ̀ tó ní eyín 34, àlàfo eyín méjì sì wà níbì kan. Bí ó ti ń yí, sẹ́ńsọ̀ ń ka eyín wọ̀nyẹn, àlàfo náà ló sì ń jẹ́ kí bíréènbọ́ọ̀sì mọ ibi tí písítìn kọ̀ọ̀kan wà. Sẹ́ńsọ̀ mìíràn ń sọ bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti pọ̀ tó, nítorí gíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 ni gíráàmù bẹntiróòlù 1 ń bá jó dáadáa. Bíréènbọ́ọ̀sì á ṣírò rẹ̀, á ṣí ínjẹ́kítọ̀ fún ìwọ̀nba ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì pàṣẹ fún kọ́ìlì kí púlọ́ọ̀gì taná. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lára sàléńsà á wá jábọ̀ fún un bóyá epo pọ̀ jù tàbí kò tó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á taná ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì gbọdọ̀ ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Kó tó lè ṣe gbogbo èyí, iná tó pé gbọ́dọ̀ wọlé sí i, wáyà éètì rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, kí àwọn sẹ́ńsọ̀ sì máa sọ òótọ́ fún un. Ibẹ̀ ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ọ́ọ̀nù, ẹ má tíì sítáàtì. Iná pupa-rúsúrúsú tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí kò bá tàn, tí síkánà tí wọ́n kì bọ ihò oníhò 16 tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀, bíréènbọ́ọ̀sì kò jí nìyẹn. (Láti 1996 ni ihò náà ti di dandan fún ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, nítorí náà ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ wa ló ní i.) Àmọ́ pé kò jí kò túmọ̀ sí pé ó ti kú. Báàtìrì ló kàn. Bó bá ti sinmi, ó yẹ kó fi nǹkan bí fólítì 12.6 hàn. Lẹ́yìn náà ni fíúsì, lẹ́yìn náà ni rélè tó ń gbé iná fún ẹ́ńjìnnì.

Wáyà éètì ni mo fẹ́ kí ríwáyà fara balẹ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ wọn á fi mítà dán an wò bóyá ó so, mítà á dún, wọ́n á ní kò sí wàhálà. Bẹ́ẹ̀, bí okùn wáyà náà bá ti já tán tó ku ẹyọ kan péré, mítà á ṣì dún, ṣùgbọ́n ẹyọ kan yẹn kò lè gbé iná tí ẹ́ńjìnnì ń béèrè. Ohun tó yẹ ni kí kọ́kọ́rọ́ wà ní ọ́ọ̀nù, kí ẹsẹ̀ mítà kan wà lára éètì bíréènbọ́ọ̀sì, kí èkejì wà lórí báàtìrì níbi tí a kọ àmì ìyọkúrò sí. Iye tó bá jáde kò yẹ kó ju fólítì 0.1 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ìpẹtà tàbí bóótì tó dẹ̀ ló wà níbẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ló sì máa tún un ṣe.

Fólítì 5 ló kàn, àyẹ̀wò yìí sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ gbèsè. Bíréènbọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ń pín fólítì 5 fún púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ńsọ̀, ojú kan náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń mu. Bí ọ̀kan bá jóná nínú, tàbí tí eku jẹ wáyà rẹ̀ tó wá lọ kan ara ọkọ̀, á fa fólítì 5 gbogbo wọn wálẹ̀. Ọkọ̀ á kọ̀ láti sítáàtì, síkánà náà lè yadi, gbogbo àmì á sì dà bí ti bíréènbọ́ọ̀sì tó kú. Kí wọ́n yọ sókẹ́ẹ̀tì àwọn sẹ́ńsọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ojú wọn wà lára mítà. Èyí tí wọ́n bá yọ tí fólítì 5 padà dé, òun ni ọ̀daràn.

Bí síkánà bá ń sọ̀rọ̀, ẹ bi wọ́n ní kóòdù tó jáde. P0601 àti P0606 ń tọ́ka sí inú bíréènbọ́ọ̀sì gan-an. U0100 yàtọ̀: ohun tó ń sọ ni pé àwọn kọ̀ǹpútà yòókù kò gbúròó rẹ̀, ó sì lè jẹ́ wáyà ìbánisọ̀rọ̀ wọn ló já. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, bí a bá tú báàtìrì, tí a wọn ihò 6 sí ihò 14 níbi tí síkánà ń wọ̀, mítà gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí óòmù 60 hàn.

Bíréènbọ́ọ̀sì máa ń kú lóòótọ́ o. Corolla tí mo mẹ́nu bà yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Ní oṣù kẹjọ 2010, Toyota ké pe nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.13 Corolla àti Matrix ti 2005 sí 2008 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà padà, nítorí pé òjé tí wọ́n fi lẹ nǹkan mọ́ pátákó inú bíréènbọ́ọ̀sì wọn lè sán. Iná ẹ́ńjìnnì á tàn, jíà á máa já gììrì, ọkọ̀ lè kọ̀ láti sítáàtì, tàbí kó kú lórí eré. Nítorí náà, bí Corolla ọdún wọ̀nyẹn bá ń kú tó ń jí, tí iná, éètì àti fólítì 5 sì pé, mo gbà kí mẹkáníìkì fura sí bíréènbọ́ọ̀sì. Kó rọra fi ìka kàn án nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, òjé tó sán tàbí sókẹ́ẹ̀tì tó dẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ lè tún òjé náà jó láìjẹ́ pé ẹ ra òmíràn.

Omi àgbàrá náà ń pa á. Wẹ́dà tó ń jó ara ọkọ̀ láìtú báàtìrì ń pa á. Jọ́ọ̀mpù tí wọ́n so sódì ń pa á. Èyí tó burú jù ni kọ́ìlì tàbí ínjẹ́kítọ̀ tó ti jóná nínú, tó wá ń fa iná ju bó ti yẹ lọ, títí tó fi jó ẹ̀yà tó ń pàṣẹ fún un. Ẹ ra òmíràn lówó gọbọi, ẹ gbé e sí i, kò ní pẹ́ kú bíi ti àkọ́kọ́. Fún ìdí èyí, kí wọ́n wọn ínjẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan (ti 1ZZ-FE yẹ kó wà ní nǹkan bí óòmù 14), kí wọ́n sì yẹ àwọn kọ́ìlì wò, kí ẹnikẹ́ni tó forí lé ọjà.

Bó bá wá di ọjà Ládìípọ̀ ní Mushin, ẹ gbé ti àtijọ́ dání. Nọ́ńbà ara ti Toyota sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89661, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì: ti jíà ọlọ́wọ́ yàtọ̀ sí ti ọ̀tọ̀mátíìkì, èyí tó ń ka kọ́kọ́rọ́ sì yàtọ̀ sí èyí tí kì í kà á. Ẹ bá ẹni tó ń tà á ṣàdéhùn ìdápadà kí ẹ tó sanwó. Bí ọkọ̀ yín bá ń lo kọ́kọ́rọ́ tó ní ẹ̀rọ nínú, bíréènbọ́ọ̀sì tòkúnbọ̀ kò ní dá a mọ̀. Ẹ́ńjìnnì lè gbiná kó sì kú lójú ẹsẹ̀. Lórí àwọn Toyota kan tí àpótí kọ́kọ́rọ́ wọn dá wà, ríwáyà lè so ihò 4 pọ̀ mọ́ ihò 13 níbi tí síkánà ń wọ̀, kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ọ́ọ̀nù fún ìṣẹ́jú 30 kí àwọn méjèèjì lè mọ ara wọn. Lórí òmíràn, àfi ẹni tó ní ẹ̀rọ ìkọ̀wé sínú rẹ̀.

Báàtìrì ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú kí wọ́n tó fọwọ́ kan sókẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sítáàtì, kò ṣàjèjì kó máa gbọ̀n díẹ̀ lójú kan, kí jíà sì máa wọlé gììrì fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé bíréènbọ́ọ̀sì ń kọ́ ìṣesí ẹ́ńjìnnì náà ni. Àmọ́ bí kóòdù àtijọ́ bá tún yọjú, inú wáyà ni kí wọ́n padà sí. Kò sí ohun tí wọ́n tún fẹ́ lọ rà ní Ládìípọ̀.