Gìgísẹ̀ Tí Kò Ní Ìdè: Ṣé Kí N Kọ́ Síkì Telemark?

Eré ìdárayá kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: síkì Telemark. Mo ní ìpinnu kan láti ṣe lórí ẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Trondheim, ní orílẹ̀-èdè Norway, ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì fún oyè kejì. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ní síkì Telemark tòkunbọ̀ kan tó fẹ́ tà fún mi ní owó pọ́ọ́kú. Ó ní kí n wá máa bá àwọn gun òkè. Ṣé kí n gbà, àbí kí n kọ̀?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré o. Ní oṣù Kejìlá níbí, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni oòrùn ń yọ, á sì ti wọ̀ kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, orí òkè ni àwọn èèyàn ń kọrí sí. Ẹni tí kò bá mọ síkì, inú yàrá ni yóò wà, òun àti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àmọ́ bí orúnkún mi bá wá yẹ̀ ńkọ́, ta ni yóò máa dúró ti ẹ̀rọ ní yàrá ìwádìí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Àwọn àgbà ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àáké ṣeé rà. Orúnkún méjì péré lèmi ní, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ wo ẹnu àáké yìí dáadáa.

Kí ni Telemark gan-an?

Síkì ni pátákó méjì gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí èèyàn ń so mọ́ bàtà kó lè máa yọ̀ lórí yìnyín. Oríṣi mẹ́ta ló yẹ ká mọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n fi ń rìn nínú igbó àti lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó fúyẹ́, iwájú bàtà nìkan ni wọ́n so mọ́ ọn. Èkejì ni alpine, tí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Wọ́n so iwájú bàtà, wọ́n so ẹ̀yìn rẹ̀ náà, gìgísẹ̀ ò lè gbéra rárá. Telemark ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Bàtà rẹ̀ le, etí síkì rẹ̀ ní irin bíi ti alpine, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ wà lómìnira.

Òmìnira yẹn ló ń fa gbogbo wàhálà tó kù. Bí gìgísẹ̀ bá lè gbéra, kò sí ohun tó máa dá ẹ dúró tóo bá fẹ́ ṣubú síwájú. Ohun tí àwọn oní-Telemark wá ń ṣe ni pé wọ́n á ti ẹsẹ̀ kan síwájú, wọ́n á tẹ orúnkún ẹsẹ̀ kejì wálẹ̀, gìgísẹ̀ ẹ̀yìn á gbéra. Bí ẹ bá fẹ́ fojú inú wò ó, ẹ rántí ọmọbìnrin tó ń kánjú lọ síbì kan tó wá pàdé àgbà lójú ọ̀nà: orúnkún á lọ sílẹ̀, àmọ́ kò ní kanlẹ̀. Wàyí o, ẹ ronú pé ọmọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí eré, tó sì ń pààrọ̀ ẹsẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ yà sápá òsì tàbí ọ̀tún. Telemark nìyẹn.

Telemark jẹ́ orúkọ agbègbè kan ní gúúsù Norway. Ibẹ̀, ní abúlé Morgedal, ni wọ́n bí Sondre Norheim sí lọ́dún 1825. Tálákà ni ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n orí ẹ̀ pé. Ó lọ́ ẹ̀ka igi willow bí okùn, ó fi yí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ká. Bó bá fò sókè, síkì ò ní bọ́, síbẹ̀ gìgísẹ̀ lè gbéra. Ó tún gbẹ́ síkì tí àárín rẹ̀ tín-ín-rín ju iwájú àti ẹ̀yìn lọ. Lọ́dún 1868, nígbà tó ti lé lọ́mọ 40 ọdún, ó lọ díje ní Christiania, ìlú tí a ń pè ní Oslo lónìí, ó sì borí àwọn ọ̀dọ́. Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1884, North Dakota ló kú sí lọ́dún 1897. Nígbà tí Oslo gbàlejò ìdíje Olympics ìgbà òtútù lọ́dún 1952, inú ilé tí wọ́n bí i sí ní Morgedal ni wọ́n ti tan iná ìdíje náà.

Kí ló ń mú kó yọ̀?

Ní 1939, àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Bowden àti Hughes, ṣàlàyé pé nígbà tí síkì bá ń ha yìnyín, friction á mú kí ooru jáde, ooru yẹn á sì yọ́ yìnyín díẹ̀ di omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Orí omi yẹn ni síkì ń yọ̀ lé. Ìdí rèé tí yìnyín fi máa ń ṣe bí iyanrìn lábẹ́ síkì tí òtútù bá pọ̀ jù, nítorí ooru ìhara ò tó láti yọ́ ọ. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Amsterdam fi irin ha omi dídì. Wọ́n rí i pé ìwọ̀n 7 °C lábẹ́ òdo ló ti ń yọ̀ jù lọ, nítorí pé àwọn mólékù tó wà lójú omi dídì ò fọwọ́ so pọ̀ dáadáa, ńṣe ni wọ́n ń yí kiri.

Ká sọ pé friction ò sí rárá, tí èèyàn sì sọ̀ kalẹ̀ láti òkè tó ga ní mítà 10 péré. Ẹ fi 9.8 sọ 10 di púpọ̀, ẹ fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá root ẹ̀. Ó máa fún yín ní mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Eré mọ́tò nìyẹn! Friction àti afẹ́fẹ́ máa dín in kù, àmọ́ ẹ ti rí ìdí tí mímọ bí a ṣe ń yà àti bí a ṣe ń dúró fi ṣe pàtàkì ju eré sísá lọ.

Yíyà yẹn, àárín tín-ín-rín tí Norheim gbẹ́ ló ń ràn án lọ́wọ́. Síkì ní ìbàdí. Bí o bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, etí rẹ̀ tó tẹ̀ á gé yìnyín bí ọrun, ìwọ náà á sì tẹ̀ lé ọrun yẹn. Nínú Telemark, síkì iwájú àti ti ẹ̀yìn máa ń para pọ̀ ya ọrun gígùn kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ tó yà síra wọn báyìí ń jẹ́ kí èèyàn dúró dáadáa síwájú àti sẹ́yìn. Àmọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ibi tí èèyàn dúró lé kéré. Kò sí ọ̀fẹ́ nínú físíìsì.

Owó tí itan máa san

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹ tẹ orúnkún ẹ̀yìn wálẹ̀ títí yóò fi ku ìkúùkù méjì kó kanlẹ̀. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ṣé ẹ ń gbọ́ bí itan ṣe ń jó?

Iṣẹ́ tí iṣan iwájú itan ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe láti gbé ara sókè nìkan. Ó tún ń dá ara dúró bó ṣe ń lọ sílẹ̀, ìyẹn ni pé iṣan náà ń gùn sí i bó ti ń fa nǹkan. Eccentric contraction ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Irú iṣẹ́ yìí ló máa ń dá egbò kéékèèké sínú iṣan tí kò bá mọ́ ọn lára, ìrora á wá dé lẹ́yìn ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ẹni tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè gíga rí mọ ohun tí mò ń sọ: ọjọ́ kejì ni àtẹ̀gùn ilé máa ń di ọ̀tá. Ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀ ni pé iṣan máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ kíákíá. Ìdárayá ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú máa ń dín ìrora yẹn kù gan-an.

Ti orúnkún ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìdè alpine òde òní ní ìwọ̀n tí wọ́n ń yí sí bí èèyàn ṣe wúwo tó, bó ṣe ga tó, ọjọ́ orí rẹ̀ àti bó ṣe mọ̀ ọ́n tó. Bí síkì bá fẹ́ lọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá ààlà, ìdè náà á tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdè Telemark kì í tú bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, gìgísẹ̀ tó wà lómìnira ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rí àyè díẹ̀ nígbà ìṣubú, ṣùgbọ́n tí síkì gígùn bá kọ́ yìnyín, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ló máa gbà á. Àwọn ìdè Telemark tó ń tú sílẹ̀ ti wà lọ́jà báyìí o. Èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún mi kò sí lára wọn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣé Telemark ṣì wúlò?

Ìgbà tí mo dé orí kókó yìí ni ọ̀rọ̀ wá dùn. Ìdí pàtàkì tí èèyàn fi ń fẹ́ gìgísẹ̀ tó wà lómìnira ni pé ó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè. Wọ́n á lẹ awọ onírun mọ́ abẹ́ síkì. Irun náà kọjú sẹ́yìn, ó ń yọ̀ tí o bá ń lọ síwájú, ó sì ń di yìnyín mú tí o bá fẹ́ yọ̀ padà. Ká ní èmi àti ẹrù mi jẹ́ kìlógíráàmù 80, tí mo gun òkè mítà 500. Agbára tó nílò jẹ́ nǹkan bíi kìlójúùlù 392. Nítorí pé iṣan wa ń sọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin oúnjẹ di ooru, mo máa ná bíi kìlójúùlù 1,570. Garí gbígbẹ gíráàmù 100 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó san án.

Àmọ́ ìdè mìíràn ti wà báyìí tó ń jẹ́ kí gìgísẹ̀ gbéra nígbà tí o bá ń gòkè, tí wàá sì tì í pa nígbà tí o bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ bíi ti alpine. Ìyẹn ni pé tó bá jẹ́ òkè gígùn nìkan lo fẹ́, o kò nílò Telemark mọ́. Tó bá jẹ́ rínrìn nínú igbó ni, síkì fífúyẹ́ tó, ó sì rọrùn láti kọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún Telemark ni adùn yíyà yẹn fúnra ẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn kíkúnlẹ̀ àti dídìde lórí eré, kò ní ìdí láti ṣe é.

Àwọn kan bi mí pé, "Kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú yìnyín?" Ẹ rántí pé lọ́dún 2018, Seun Adigun àti Simidele Adeagbo ṣojú Nàìjíríà ní Olympics ìgbà òtútù, ọ̀kan nínú bobsled, ìkejì nínú skeleton. Ní 2022, Samuel Ikpefan ṣe ti síkì orí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Telemark ò tíì sí lára eré Olympics ní tiẹ̀, èmi náà ò sì wá ife-ẹ̀yẹ. Ẹni tí mo máa bá sọ̀rọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ ni mò ń wá.

Ìpinnu mi

Mo máa kọ́ ọ. Mo fẹ́ràn yíyà yẹn, mo sì ti wo àwọn tó ń ṣe é tó láti mọ̀ pé kì í ṣe ojú lásán ló ń wù mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní ra tòkunbọ̀ yẹn. Owó pọ́ọ́kú lórí ìdè tí kì í tú sílẹ̀, gbèsè ni. Èyí tó ń tú sílẹ̀ ni mo máa yá, pẹ̀lú akoto. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìdárayá itan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fún un. Màá gba olùkọ́ fún ọjọ́ méjì lórí òkè tí kò ga, kí n mọ bí wọ́n ṣe ń dúró kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń sáré.

Ní ti òkè ńlá, ìyẹn ṣì máa dúró ná. Àárín ìdagun 30 sí 45 dìgírì ni yìnyín ti sábà máa ń ya wálẹ̀ bo èèyàn, ibẹ̀ gan-an ló sì dùn láti yọ̀. Láìkọ́ nípa ìyẹn, mi ò lọ. Mo ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi, ó ní kò burú, òun náà á bá mi lọ sórí òkè kékeré lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìgbín fi ń gun igi. Mi ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti bi í pé kí ló pẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀.