Ilé àlejò kékeré lẹ́yìn ìlú Abuja: Ohun tó yẹ kí o bèèrè kí o tó sanwó

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rìnrìnàjò lọ sí Abuja nítorí físà, ìdánwò iṣẹ́ tàbí ìwé tí wọ́n ń lé kiri ní iléeṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí owó yàrá ní Wuse àti Maitama bá ga jù, wọ́n á gba ilé àlejò kéékèèké ní Kubwa, Lugbe tàbí Nyanya lọ.

Àmọ́, owó tí o rò pé o ṣẹ́kù lè bá ojú ọ̀nà lọ.

Aago mélòó ni wọ́n ń jáde?

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń gbé ní Nyanya àti Mararaba ló ń gba ojú ọ̀nà kan náà wọ Abuja láàárọ̀, súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ ibẹ̀ kì í sì ṣe kékeré. Tí wọ́n bá ní kí o wá ní aago mẹ́jọ, bi onílé pé aago mélòó ni àwọn aládùúgbò ń jáde. Lugbe ní tirẹ̀ wà lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, ó sì rọrùn fún ẹni tó fẹ́ wọ bàálù.

Irú iná wo ni wọ́n ń lò?

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni owó iná àwọn tó wà ní Band A ti gbówó lórí. Ó kéré tán, wákàtí 20 lóòjọ́ ló yẹ kí wọ́n rí iná. Wákàtí mẹ́rin péré ni ti Band E. Bèèrè èyí tí ilé náà wà, àti aago tí wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀.

Ta ló máa gbé ọ?

Àwọn ọlọ́ṣà 'one chance' máa ń ṣe bí awakọ̀ àti èrò ọkọ̀. Nítorí náà, má wọ ọkọ̀ kan torí pé èèyàn ti wà nínú rẹ̀. Ní kí onílé bá ọ pe awakọ̀ tó mọ̀, kí o sì fi nọ́mbà ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí ará ilé rẹ. Nọ́mbà pàjáwìrì ni 112. Bèèrè aago tí wọ́n ń ti géètì pẹ̀lú, kí ilẹ̀ má baà ṣú ọ síta.

Lẹ́yìn èyí, ro owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ mọ́ owó yàrá. Tí ìyàtọ̀ rẹ̀ kò bá tó nǹkan, sun àárín ìlú lálẹ́ tí iṣẹ́ rẹ ku ọ̀la, kí o sì lo ọjọ́ tó kù ní Kubwa.