Kókó-Ọ̀rọ̀ àti Ọnà Èdè nínú Ewì Yorùbá: Ohun tí Ìdánwò Ń Bèèrè Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Ìsọ̀rí mẹ́ta ni ìdánwò Yorùbá ti àjọ WAEC dá lé: èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà. Lábẹ́ lítíréṣọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń ka ewì alohùn àti ewì àpilẹ̀kọ, ó sì gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé kókó-ọ̀rọ̀ àti ọnà èdè inú wọn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ́ méjèèjì bí ohun tí kò tan mọ́ ara wọn. Àpilẹ̀kọ yìí fi hàn pé inú ọnà èdè gan-an ni kókó-ọ̀rọ̀ ń gbé.

Ilé-Ifẹ̀ kò ṣàjèjì sí ìmọ̀ yìí. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ẹni tó kọ Àfàìmọ̀ àti Àwọn Àròfọ̀ Mìíràn (1978), ti kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibẹ̀ náà ni Wándé Abímbọ́lá, tó ṣe àkójọ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá (1968), ti jẹ́ ọ̀gá àgbà. Ní Ìbàdàn, ìwé Ọlátúndé Ọlátúnjí lórí àbùdá ewì alohùn (1984) ṣàlàyé àwítúnwí, eré ọ̀rọ̀ àti ìlò ohùn. Orúkọ irú ọnà bẹ́ẹ̀ ti dé kíláàsì girama. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ewì ni kì í sábà bá wọn dé.

Ẹ wo ìlà mẹ́rin wọ̀nyí, tí a ṣẹ̀dá fún àlàyé lásán:

Omi dà, ilẹ̀ mu ún.
Ẹmu dà, ilẹ̀ mu ún.
Omijé opó dà, ilẹ̀ kọ̀, kò mu ún.
Ọkọ lọ, ó ku ọkọ́.

Bí a bá bèèrè kókó-ọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan lè dáhùn pé “opó” ni. Ẹni tí ewì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe kókó-ọ̀rọ̀. Ohun tí ewì sọ nípa ẹni náà ni kókó-ọ̀rọ̀, odidi gbólóhùn ni a sì fi ń gbé e kalẹ̀: ìbànújẹ́ opó kò rí ẹni bá a gbé e, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ kò dúró dè é.

Báwo ni a ṣe mọ̀? Ọnà èdè ló sọ fún wa. Ìhun ìlà kìíní àti ìkejì dọ́gba. Àwítúnwí “dà, ilẹ̀ mu ún” sì mú kí etí máa retí ìkẹta. Ìlà kẹta já ìrètí yẹn kulẹ̀. Ibi tí ìdọ́gba ti fọ́ gan-an ni ìrora opó ti yọjú. Ìfohunpènìyàn tún wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ fa omi kò ṣàjèjì. Kíkọ̀ tí ilẹ̀ kọ̀ ló sọ ọ́ di ènìyàn, tó fi dà bí ẹbí tó kẹ̀yìn sí opó.

Ìlà kẹrin ló fi iṣẹ́ ohùn hàn jù. “Ọkọ” àti “ọkọ́” kò ju ohùn kan lọ síra wọn, síbẹ̀ ohùn kan yẹn ló ya ẹni tó kú sọ́tọ̀ kúrò lára irinṣẹ́ tó fi sílẹ̀. Ìfọ̀rọ̀dárà ni. Bí a bá kọ ọ́ ní “Oko lo, o ku oko”, ọnà náà ti parẹ́, òǹkàwé kò sì ní mọ̀ bóyá ọkọ, ọkọ́ tàbí oko ni ọ̀rọ̀ kàn. Nítorí náà, àmì ohùn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lára ewì. Ara ewì ni.

Ìlànà tó tẹ̀ lé èyí kò le. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ka ewì sókè, kí etí rẹ̀ gbọ́ ohun tí ojú lè fò. Lẹ́yìn èyí, kí ó dárúkọ ọnà èdè, kí ó tọ́ka sí ìlà tó wà, kí ó sì sọ ohun tí ọnà náà ṣe fún kókó-ọ̀rọ̀. Ìgbésẹ̀ kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń fò. Ẹni tó to orúkọ ọnà èdè mẹ́fà jọ láìsọ iṣẹ́ wọn ti há orúkọ sórí. Kò tíì gbọ́ ohun tí opó ń sọ.