Olùrànlọ́wọ́ apoògùn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Olùrànlọ́wọ́ apoògùn jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera tí ó ń ka oògùn, tí ó ń wọ̀n ọ́n, tí ó sì ń fi í fún aláìsàn lábẹ́ ìdarí apoògùn. Ní Nàìjíríà, Pharmacy Council of Nigeria (PCN) ni ó ń fọwọ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọn, tí ó sì ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. Pharmacists Council of Nigeria ni ìgbìmọ̀ náà ń jẹ́ kí òfin ọdún 2022 tó yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀-ẹ̀rọ ìlera ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó wà ní Iléṣà ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Ọdún 3 ni ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tí ó bá yege lè ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn, irú bíi Wesley Guild ní Iléṣà tàbí ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ó sì lè gba àṣẹ ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì: nínú ìpele 3 tí PCN pín àwọn oníkẹ́míìsì sí, tirẹ̀ ni ó ga jù.

Àwọn ará ìlú a máa pe ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ta oògùn ní dókítà, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ apoògùn kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe apoògùn. Bí ó bá fẹ́ di apoògùn, ó gbọ́dọ̀ gboyè ní yunifásítì, irú bíi Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀.